Sáfà ilé alákòópọ̀ dísìkì ní Mainland Èkó

Sáfà ilé ni kọ̀ǹpútà tí ó máa ń wà ní títàn nínú ilé, tí ó ń tọ́jú fíìmù, orin àti fọ́tò ìdílé sí ojú kan, tí ó sì ń pín wọn fún tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti kọ̀ǹpútà yòókù nípasẹ̀ ráútà. Bí dísìkì inú rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, tí ètò kan sì so wọ́n pọ̀ débi pé fódà ńlá kan ṣoṣo ni ẹni tí ń lò ó ń rí, àkópọ̀ dísìkì ni. Ní Sùúrùlérè, Yaba àti Mushin, ohun mẹ́ta ló ń pinnu bí a ṣe ń to irú ẹ̀rọ yìí: fíìmù Yorùbá tí ó ṣì wà lórí kásẹ́ẹ̀tì àti àwo VCD, iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan, àti dísìkì tí a ń rà lọ́kọ̀ọ̀kan bí owó bá ṣe ń wọlé, tí ìwọ̀n wọn kì í fi í dọ́gba.

Ìtàn

Kí kọ̀ǹpútà tó wọlé, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì ni ìdílé fi ń tọ́jú orin. Fíìmù ní tirẹ̀, gbọ̀ngàn sinimá ni wọ́n ti ń wò ó. Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní 1976, àti Ayé tí Hubert Ògúndé gbé jáde lẹ́yìn rẹ̀, orí sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n wà. Kò sí òǹwòran tí ó lè rà wọ́n lọ sílé. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ló yí ọ̀ràn padà. Living in Bondage, fíìmù èdè Ìgbò tí ó jáde ní 1992, fi hàn pé ọjà ńlá wà fún fíìmù tí a ń tà tààrà fún ilé. Ti Olúwa Nilẹ̀ ti Túndé Kèlání tẹ̀ lé e ní 1993, ọdún kan náà tí òfin ìjọba ológun tí í ṣe ìkarùnlélọ́gọ́rin dá NFVCB, àjọ tí ń yẹ fíìmù wò, sílẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Sùúrùlérè di àdúgbò tí ọ̀pọ̀ olùṣe fíìmù ní ọ́fíìsì sí.

Lẹ́yìn ọdún 2000, àwo VCD gba ipò VHS. Àwo kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, nítorí náà fíìmù tí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ di àwo méjì. Àwòrán rẹ̀ kò ju 352 lọ́nà 288 lọ, wákàtí kan rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 620 MB. Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó fẹ́ kó àwo ilé rẹ̀ sórí sáfà: dísìkì 1 TB kan lè gba ju wákàtí 1,500 VCD lọ. DVD ní tirẹ̀ lè tó 4.7 GB ní ipele kan. Àwo ń há, ọ̀rinrin Èkó sì ń mú kí kásẹ́ẹ̀tì bu, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń ka VHS kò sí lọ́jà mọ́ àfi tòkunbọ̀. Ẹni tí ó bá ní kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú òbí kò ní àkókò púpọ̀ láti fi dúró.

Ní ti ètò kọ̀ǹpútà, Samba, tí ó ń jẹ́ kí Linux pín fáìlì fún Windows, ti wà láti 1992, nígbà tí Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà. Microsoft gbé Windows Home Server jáde ní 2007. Nínú rẹ̀ ni Drive Extender wà, tí ó ń so dísìkì oríṣiríṣi pọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà 2011, àwọn tí ó ti fọkàn tán an sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn. OpenMediaVault, ètò sáfà tí a gbé ka orí Debian, irú Linux kan, jáde ní ọdún yẹn kan náà. Kodi, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ XBMC títí di 2014, àti Plex ló sọ wíwo fíìmù láti orí sáfà di ohun tí ọmọdé lè ṣe. Jellyfin, tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, yà kúrò lára Emby ní oṣù Kejìlá 2018, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì kò pa sáfà ilé. Wáyà abẹ́ òkun MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010, CcHub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ṣí ilẹ̀kùn ní Yaba ní 2011, àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ń pọ̀ sí i ní àdúgbò náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di aláàbọ̀ jákèjádò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Fíìmù tí ó wà lórí sáfà inú ilé kò nílò wáyà òkun kankan, kò sì jẹ dátà.

Ẹ̀rọ àti dísìkì

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà tó iṣẹ́ yìí ṣe. RAM 4 GB tó fún pípín fáìlì. 8 GB dára bí Jellyfin bá máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n ilé kò bá lè ka irú fíìmù kan, sáfà ní láti yí i padà sí irú tí ó lè kà lójú ẹsẹ̀. Prósẹ́sọ̀ Intel ìran keje, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní 2017, ni èyí tí ó kọ́kọ́ lè ṣe èyí dáadáa fún fíìmù tí a fún pọ̀ ní ọ̀nà HEVC 10-bit láìmú kọ̀ǹpútà gbóná. VCD àti DVD kò nílò agbára tó bẹ́ẹ̀.

Dísìkì ló yẹ kí ènìyàn fojú tó jù. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ó yẹ kí ẹni tí ń ra dísìkì tòkunbọ̀ fi smartctl wo iye wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́ àti iye ojú tí ó ti kú lórí rẹ̀. Bí iye ojú tí ó kú bá ń lọ sókè, kí ó fi í sílẹ̀. Filáàṣì àti dísìkì páńdà wà tí wọ́n ń purọ́ nípa ìwọ̀n ara wọn: wọ́n á sọ pé àwọn jẹ́ 2 TB, wọ́n á gba fáìlì, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ lé orí wọn kò ní sí níbẹ̀ mọ́. H2testw lórí Windows àti f3 lórí Linux ń tú àṣírí wọn nípa kíkọ dísìkì náà kún kí wọ́n tó tún un kà.

Àkópọ̀ dísìkì

Patterson, Gibson àti Katz ní Yunifásítì Califonia ní Berkeley ló ṣàlàyé RAID nínú ìwé ìwádìí kan ní 1988. Èrò wọn ni pé dísìkì kéékèèké tí kò wọ́n lè pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ dísìkì ńlá, kí ọ̀kan nínú wọn sì lè bàjẹ́ láìsí àdánù. Ohun tí ó mú èyí ṣeé ṣe ni dísìkì onídùúró. Bí dísìkì mẹ́ta bá kọ 4, 7 àti 2 sí ipò kan náà, onídùúró á kọ 13. Bí èyí tí ó kọ 7 bá bàjẹ́, a ó yọ 4 àti 2 kúrò nínú 13, 7 á sì padà wá. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń lò yàtọ̀ díẹ̀, ìlànà kan náà ni.

RAID 5 ń pín fáìlì kọ̀ọ̀kan sórí gbogbo dísìkì. Ó yára, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro méjì fún ilé tí ń ra dísìkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní, dísìkì tí ó kéré jù ló ń pinnu ohun tí a lè lò lórí àwọn yòókù. Bí ilé bá ní 1 TB, 2 TB àti 4 TB, 2 TB péré ni RAID 5 máa fún un nínú 7 TB tí ó ra. Èkejì, bí dísìkì méjì bá bàjẹ́, gbogbo fíìmù ló lọ, títí kan èyí tí ó wà lórí dísìkì tí ó ṣì dára.

ZFS, tí Jeff Bonwick àti Matthew Ahrens bẹ̀rẹ̀ ní Sun Microsystems, tí a sì ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 2005, lágbára ju RAID àtijọ́ lọ, nítorí pé ó ń ṣe àyẹ̀wò gbogbo ohun tí ó bá kà. Bí fáìlì bá yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ZFS á mọ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò lè fi dísìkì kan ṣoṣo kún RAIDZ, irú RAID 5 ti ZFS, tí a ti tò tẹ́lẹ̀. OpenZFS 2.3, tí ó jáde ní oṣù Kìíní 2025, ló mú kí ó ṣeé ṣe. Ìwọ̀n dísìkì ṣì ní láti dọ́gba kí ààyè má baà ṣòfò.

Ọ̀nà tí ó bá àpò ilé Mainland mu jù ni mergerfs pẹ̀lú SnapRAID. Dísìkì kọ̀ọ̀kan dá dúró pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀ lódidi. Mergerfs ń fi gbogbo wọn hàn bí fódà kan, ó sì ń pinnu dísìkì tí fáìlì tuntun máa lọ, bíi èyí tí ààyè rẹ̀ pọ̀ jù. SnapRAID ń ṣe iṣẹ́ onídùúró. Òfin kan ṣoṣo ni pé onídùúró kò gbọdọ̀ kéré sí dísìkì tí ó tóbi jù nínú àwọn tí ó dúró fún. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, 4 TB di onídùúró, 1 TB àti 2 TB sì fún ilé ní 3 TB. Bí owó bá tún jáde fún 4 TB mìíràn, ààyè di 7 TB lójú ẹsẹ̀. RAID 5 pẹ̀lú dísìkì mẹ́rin kan náà kò ní fún un ju 3 TB lọ.

Àǹfààní tí ó tóbi jù hàn lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Bí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá jó, a lè yọ dísìkì kọ̀ọ̀kan, kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Linux mìíràn, kí fíìmù sì máa lọ. Bí dísìkì méjì bá kú níbi tí onídùúró kan ṣoṣo wà, fáìlì orí méjèèjì nìkan ló sọnù.

SnapRAID ní ààlà tirẹ̀. Ìgbà tí a bá pè é pé kí ó ṣiṣẹ́ ló ń kọ onídùúró, nítorí náà fíìmù tí a kó wọlé láàárọ̀ kò ní ààbò títí ìgbà tí ó bá tún ṣiṣẹ́. Kò dára fún fáìlì tí ń yí padà ní wákàtí wákàtí. Àṣẹ scrub rẹ̀ ń yẹ ìdá 8 nínú 100 dísìkì wò lẹ́ẹ̀kan bí a kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo dísìkì á ti gba àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta. Unraid ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ó sì ń kọ onídùúró lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń rà á. Àwọn tí ó kọ Btrfs, ètò ìpamọ́ fáìlì lórí Linux, fúnra wọn kìlọ̀ pé kí a má lo RAID 5 àti 6 inú rẹ̀ fún ohun tí ó ṣe pàtàkì.

Iná mànàmáná

Sáfà tí ó ní dísìkì mẹ́rin lè jẹ nǹkan bíi wáàtì 30 tàbí kí ó lé díẹ̀. Ní oṣù kan, ìyẹn jẹ́ bíi 21.6 kWh. Nígbà tí iye owó Band A bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2024, ₦225 ni kWh kan, nítorí náà ₦4,860 ni sáfà náà máa jẹ lóṣù lórí iye ọjọ́ yẹn. Band A yẹ kí ó gba iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Àwọn òpópónà tí kò sí nínú rẹ̀ ń gba iná tí ó kéré sí bẹ́ẹ̀.

Bátìrì ìnfátà 12 V, 100 Ah kan, bí a bá lo ìdajì rẹ̀ kí ó má baà tètè kú, ní nǹkan bíi 600 Wh. Lẹ́yìn ohun tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, sáfà lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 sí 15. Jẹnẹrétọ̀ ti di ẹrù wíwúwo láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023.

Ìgbà tí iná bá ń padà bọ̀ ló léwu ju ìgbà tí ó bá lọ lọ, nítorí fólítéèjì lè ga jù. UPS tàbí sítábíláísà yẹ kí ó wà láàárín ògiri àti sáfà. Ètò Network UPS Tools lè sọ fún sáfà pé bátìrì ti fẹ́ tán kí ó pa ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, a sì lè tò ó sínú BIOS pé kí kọ̀ǹpútà tún tan fúnra rẹ̀ bí iná bá dé. Eruku ọyẹ́ ń dí fáànù. Kí a máa fẹ́ ẹ dànù.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Wáyà gígábíìtì ń gbé ju 100 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tó fún gbogbo ilé. Nínú ilé tí yàrá ti kọjú síra, Wi-Fi 2.4 GHz aládùúgbò máa ń dí ara wọn lọ́wọ́. 5 GHz tàbí wáyà ló sàn. Fún ẹni tí ó fẹ́ dé orí sáfà láti òde, ọ̀pọ̀ ìlà 4G kì í fún ilé ní àdírẹ́sì tirẹ̀, nítorí náà Tailscale, ètò tí ń so ẹ̀rọ ènìyàn pọ̀ láti ibikíbi, ni ó rọrùn jù.

Òfin

Àríyànjiyàn wà lórí bóyá òfin gba ẹni tí ó ra àwo láyè láti dà á kọ sórí sáfà ara rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ka ìlò ti ara ẹni mọ́ ohun tí a lè ṣe bí a kò bá rékọjá ààlà. Òfin kan náà ka jíjá ààbò tí olùṣe fi sórí iṣẹ́ rẹ̀ léèwọ̀. Àwọn kan rò pé VCD, tí kì í sábà ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, wà ní ààyè tí ó rọrùn ju DVD lọ. Àwọn mìíràn ní ìwọ̀n ohun tí a dà kọ ni ilé ẹjọ́ máa wò. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé kò sí ẹni tí òfin gbà láyè láti ta ẹ̀dà náà tàbí kí ó pín in fún àdúgbò.

Ẹ̀dà

Àkópọ̀ dísìkì kì í ṣe ẹ̀dà. Onídùúró ń gba ilé lọ́wọ́ dísìkì tí ó kú. Kò lè gbà á lọ́wọ́ olè, iná tàbí omi. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn ológun dáná sun Kàlákútà, ilé olórin Fẹlá ní Agege Motor Road, sítúdíò àti tẹ́èpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ orin rẹ̀ sì jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìdàkejì, fíìmù Shaihu Umar ti Adamu Halilu, tí a yà ní 1976, tí a rò pé ó ti sọnù, jáde nínú àkójọ Nigerian Film Corporation ní Jos ní 2016, a tún un ṣe, a sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Ìlànà tí àwọn atọ́jú fọ́tò ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà níta. Fún ìdílé ní Mushin tàbí Sùúrùlérè, ìyẹn lè jẹ́ dísìkì USB kan tí ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà ọdún. Fíìmù ọjà lè ní ẹ̀dà níbòmíràn. Kásẹ́ẹ̀tì ìdílé kò ní, òun ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ dà kọ.