Ìwé-àṣẹ títa ohun ìjà Bìríténì fún Saudi Arabia

Ní Bìríténì, ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ kó ohun ìjà ránṣẹ́ sí òkè òkun láìgba ìwé-àṣẹ ìjọba. Òfin ọdún 2002 ló fìdí èyí múlẹ̀. Bí ewu bá hàn gbangba pé wọ́n lè fi ohun ìjà náà rú òfin ogun, àṣẹ kò gbọdọ̀ jáde. Mínísítà ọ̀rọ̀ òwò ló ń buwọ́ lù ú, ẹni tó tún máa ń wá oníbàárà kiri fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti wà.

Yemen ló dán ìlànà náà wò. Oṣù Kẹta 2015 ni Saudi Arabia àti àwọn alájọṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù síbẹ̀, ọkọ̀ òfurufú Typhoon tí Bìríténì tà sì wà lára ohun tí wọ́n lò. Ní oṣù Kẹwàá 2016, bọ́ǹbù wọn bá àwọn tó wá síbi ìsìnkú ní Sanaa, ó pa èèyàn tó lé ní 100.

Ẹgbẹ́ Campaign Against Arms Trade, tó ń tako òwò ohun ìjà, pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ìwé-àṣẹ títa ohun ìjà fún Saudi Arabia. Wọ́n pàdánù ní 2017, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà 2019, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre: ìjọba kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Saudi ti rú òfin ogun rí.

Ìjọba dá ìwé-àṣẹ tuntun dúró. Ní oṣù Keje 2020, Liz Truss, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òwò nígbà náà, tún ṣí i. Kóòtù gíga da ẹjọ́ kejì tí ẹgbẹ́ náà pè nù ní 2023.