Ìbọn nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́: ohun tí òfin sọ àti ohun tí ilé-iṣẹ́ lè kọ̀

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí ó wà lọ́kàn òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ìbọn sínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bí ìbọn náà kò tilẹ̀ dún rárá, ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ó sì lè sọ ẹni dèrò ẹ̀wọ̀n.

Ní Gáréèjì Ìkòròdú, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Ṣágámù, Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ilé-iṣẹ́ Òdógúnyàn ti ń pàdé, ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe àwàdà. Àwọn ará agbègbè náà kò tíì gbàgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mẹ́ta tí wọ́n jí gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ Babington Macaulay ní ìparí oṣù kejì ọdún 2016, tàbí àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n jí gbé ní Ìgbónlá, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tàbí ìpayà tí àwọn Badoo dá sílẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì yẹn. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóru bá rò pé ìbọn ni yóò gba òun. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọdẹ ni wọ́n láti ilé, tí iṣẹ́ oṣù kò sì mú kí wọ́n kẹ̀yìn sí igbó.

Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ

Òfin ìbọn ọdún 1959, tó ṣì wà nínú àkójọ òfin ọdún 2004, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí a kà léèwọ̀: ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́. Àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ ló lè ní in. Èkejì ni ìbọn ọdẹ ti òyìnbó àti irú èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ti ọta jáde. Ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti irú ìbọn tí à ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ìbọn ìléwọ́ ló rọrùn jù láti gba ìwé fún, nítorí pé ó kéré. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òfin sọ.

Òfin náà kò fàyè gba kí wọ́n fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti wọlé nìyí: òfin kò sọ pé ọwọ́ nìkan ni ìbọn gbọ́dọ̀ wà kí ó tó di ẹ̀sùn. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ní ìkáwọ́ rẹ̀ láìgba àṣẹ ti jẹ̀bi. Búùtù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò rẹ, ìkáwọ́ rẹ ni. Òfin tó de olè jíjà àti ìbọn wá fi ìjìyà tì í: owó ìtanràn ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe

Ẹni tó ní ìwé àṣẹ lè béèrè pé, bí ìjọba bá ti gbà fún mi, kí ló kan ọ̀gá mi? Ìwé ìwakọ̀ kò sọ pé kí a wa ọkọ̀ wọ àgbàlá ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìbọn rí. Ilé-iṣẹ́ ló ni ọgbà rẹ̀, ó sì lè sọ pé ìbọn kankan kò gbọ́dọ̀ wọ géètì òun, ìbáà wà nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ aládàáni tó wà lẹ́nu géètì pàápàá, òfin ọdún 1986 tó dá wọn sílẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ kò ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é bó ṣe wù ú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá náà. Òfin òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fi àdéhùn iṣẹ́ hàn lákọsílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bá wọlé. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìlànà ìbọn wà: ibi tó dé, ta ni yóò máa yẹ ọkọ̀ wò, ìjìyà wo ló wà níbẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe gbọ́ ti ẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ọlọ́pàá. Bó bá fura, kí ó pe ọlọ́pàá, kí ó má fọ́ búùtù. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lórí ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ni ẹjọ́ náà láti ọdún 2011. Kí ọ̀gá náà sì mọ̀ pé gbígbà tí òun gbà kò lè rọ́pò ìwé àṣẹ ìjọba.

Bó ṣe rí lókè òkun

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà ń bá òfin mìíràn pàdé. Lọ́dún 2002, ilé-iṣẹ́ Weyerhaeuser lé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Valliant, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, nítorí ìbọn tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ wọn. Ariwo tó tẹ̀lé e ló mú kí ìpínlẹ̀ náà ṣòfin lọ́dún 2004 pé agbanisíṣẹ́ kò lè dí ẹni tí òfin gbà láyè lọ́wọ́ láti ti ìbọn mọ́nú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Wọ́n kọ́kọ́ borí lọ́dún 2007, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá òfin náà padà lọ́dún 2009. Florida ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2008, Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa wà, ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2011. Òfin wọ̀nyí kò rí bákan náà, wọ́n sì ní àwọn ibi tí wọ́n yọ sílẹ̀. Kí ẹni tó ti ibẹ̀ dé má rò pé ẹ̀tọ́ náà bá òun wọ bàálù wá sílé.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọdẹ tó ní ìwé fi ìbọn rẹ̀ sílé, kí ó yọ ọta rẹ̀, kí ó tì í pa. Bó bá fẹ́ lọ sígbó lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ yà sílé. Kí ilé-iṣẹ́ tó kọ ìbọn náà sì wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn tó ń ṣíwọ́ lóru, kí ó sì tan iná sí páákì rẹ̀. Ẹni tó bá gba ohun ààbò lọ́wọ́ ènìyàn, ó yẹ kí ó fi ààbò mìíràn rọ́pò rẹ̀.