Gilbert White àti Ìrìn Ìgbà Òtútù ní Selborne

Abúlé kan ní Hampshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Selborne. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Gilbert White sí ní 1720, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1793. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Ní 1753, òun àti àbúrò rẹ̀, John, la ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ gun òkè onígbó tó wà lẹ́yìn abúlé náà.

Òtútù kì í dá a dúró. Nígbà tí ọ̀pọ̀ igi bá ti wọ́wé tán, ewéko hellebore a ṣì máa tutù yọ̀yọ̀ nínú igbó, á sì yọ òdòdó ní nǹkan bí oṣù Kìíní. White kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin a máa lọ ewé rẹ̀ kúnná fún ọmọ tí aràn ń yọ lẹ́nu, ó sì kìlọ̀ pé oògùn líle ni. Ìkìlọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, torí májèlé ni.

Ibi tí ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń wà nígbà òtútù ló rú u lójú jù. Ó gbà pé ọ̀pọ̀ wọn ń fò lọ sí òkèèrè, síbẹ̀ ó ń fura pé àwọn kan ń fara pamọ́ sínú ihò títí òtútù yóò fi kọjá. Ó wá wọn títí, kò rí wọn. Ta ni ì bá rí wọn, nígbà tó jẹ́ pé gúúsù Áfíríkà ni wọ́n wà?

Àwọn lẹ́tà tó kọ nípa irú nǹkan wọ̀nyí sí Thomas Pennant àti Daines Barrington, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá bíi tirẹ̀, ló di ìwé ní 1789. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ dòní, ilé White sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.