Ẹ̀rọ mílíìnì: àwọn kọ́tà tó ń gé irin àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe

Bí mẹkáníìkì bá tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yín, tó ní top cylinder ti wọ́, tó wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan pé kí wọ́n bá òun fá ojú ẹ̀, orí ẹ̀rọ mílíìnì ló sábà máa ń balẹ̀ sí. Bí púlì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá bá ń yọ̀ lórí ṣáàfù, ibẹ̀ náà ni wọ́n á gbé ṣáàfù lọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata là ń sọ o, orúkọ ló jọra. Owó tí wọ́n ń gbà nídìí ẹ̀rọ yìí ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì, àmọ́ bí ẹni tó ń lò ó bá mú kọ́tà tí ò yẹ, tàbí tó gé ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ́ńjìnì yẹn ló máa jìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára léèdì. Lórí léèdì, iṣẹ́ ló ń yí, irin tó ń gé e ò yí. Ti mílíìnì yàtọ̀: kọ́tà ló ń yí, wọ́n á fi fáìsì di iṣẹ́ mú lórí tábìlì ẹ̀rọ, tábìlì á wá máa gbé e lọ sábẹ́ kọ́tà, sọ́tùn-ún sósì, síwá sẹ́yìn, sókè sódò. Ohun tó bá rí roboto, ti léèdì ni. Ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, poro, igun, eyín gíà, ti mílíìnì ni.

Oríṣi méjì la sábà máa ń rí. Èyí tí ọ̀pá ẹ̀ dúró lóòró, tí kọ́tà ń rọ̀ sísàlẹ̀ lára ẹ̀ bíi dírílì, ló pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú irú ẹ̀ ni Bridgeport, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1938. Ìkejì ni èyí tí ọ̀pá ẹ̀ dùbúlẹ̀, tí wọ́n ń fi kọ́tà tó ní ihò láàárín kọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Irú èyí ti pẹ́ jùyẹn lọ. Lọ́dún 1862 ni Joseph R. Brown ti ilé iṣẹ́ Brown & Sharpe, ní ìlú Providence, ṣe èyí tó lè gbé tábìlì sí ìgun, torí pé wọ́n ń wá bí wọ́n á ṣe máa gé poro tó lọ́ yí ara dírílì ká.

Ní ti kọ́tà, end mill ni gbogbo ọmọṣẹ́ kọ́kọ́ ń mọ̀. Ó jọ dírílì, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò ṣóńṣó, ó tẹ́, eyín sì wà lẹ́nu ẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ lè fi gé ẹ̀gbẹ́ irin, ẹ lè fi gé igun, ẹ lè fi gbẹ́ àárín irin bí ẹni gbẹ́ ọpọ́n. Èyí tó ní eyín méjì péré ni wọ́n ń pè ní slot drill. Eyín ẹ̀ kan gùn dé àárín, ìyẹn ló fi lè wọ inú irin lọ tààrà láì jẹ́ pé ẹ ti lu ihò síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn end mill eléyín mẹ́rin kan wà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ dojú ẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó: bí ẹ bá rí ihò kékeré láàárín ẹnu ẹ̀, ẹ má tì í wọlẹ̀ tààrà.

Slot drill yìí ló yẹ kí wọ́n fi gé keyway, ìyẹn poro tí kíì tó so púlì mọ́ ṣáàfù ń jókòó sí. Bí ṣáàfù bá jẹ́ mìlímítà 25, kíì tó bá a mu fẹ̀ tó mìlímítà 8, ó ga tó 7, poro inú ṣáàfù sì gbọ́dọ̀ jìn tó mìlímítà 4. Ibi tí púlì ti ń yọ̀ ni pé ẹlòmíì á fi end mill eléyín mẹ́rin gbẹ́ poro yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́tà á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, poro á fẹ̀ ju kíì lọ, kíì á máa mì nínú ẹ̀ títí tó fi máa jẹ ṣáàfù. Poro inú púlì fúnra ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kọ́tà tó ń yí, ẹ̀rọ slotting tàbí broach ló ń gé e. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé mílíìnì làwọn fẹ́ fi gé e, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é.

Fún ojú tó fẹ̀, face mill ni. Ó dà bí àwo, wọ́n wá to eyín ká etí ẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ fly cutter ní eyín ẹyọ kan ṣoṣo, ó rọrùn láti pọ́n, ó sì máa ń fi ojú tó dán sílẹ̀ lára top cylinder alumíníọ̀mù. T-slot àti dovetail ní kọ́tà tiwọn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi end mill la ọ̀nà fún wọn kẹ́ ẹ tó tì wọ́n wọlé. Ball nose, tórí ẹ̀ rí rìbìtì, làwọn tó ń ṣe mọ́ọ̀dù ike ń lò. Ti slitting saw, ayùn róbótó tinrín ni, òun ni wọ́n fi ń la irin sí méjì.

Ohun tí wọ́n fi ṣe kọ́tà tún ṣe pàtàkì. HSS, tí Taylor àti White gbé jáde ní Pennsylvania, tí wọ́n sì fi han ayé nílùú Paris lọ́dún 1900, lè gbóná títí á fi pọ́n, á ṣì máa gé irin. Kábáìdì le ju ìyẹn lọ, àmọ́ ó máa ń kán wẹ́wẹ́ bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n. Lórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti gbó, HSS tí wọ́n pọ́n dáadáa lè pẹ́ ju kábáìdì olówó ńlá lọ.

Eré ló ń ba kọ́tà jẹ́ jù. Kọ́tà ńlá gbọ́dọ̀ rọra yí, kékeré ló lè sáré. Fún irin tí wọ́n ń pè ní mild steel, etí kọ́tà HSS lè máa rin nǹkan bíi mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ ọ́ di mìlímítà, ó di 25,000. Ẹ fi 3.14 sọ ìbú kọ́tà di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi èyí tó jáde pín 25,000 náà. Kọ́tà mìlímítà 10 á yí nǹkan bí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, ti mìlímítà 20 á yí ìgbà 400. Alumíníọ̀mù lè gbà tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn, stainless ò ju ìlàjì ẹ̀ lọ. Ẹ tún wo bí tábìlì ṣe ń rìn: bí kọ́tà eléyín mẹ́rin bá ń yí ìgbà 800, tí ẹ fẹ́ kí eyín kọ̀ọ̀kan gé 0.05 mìlímítà, tábìlì gbọ́dọ̀ rin mìlímítà 160 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń bẹ̀rù, tó wá ń rọra ti tábìlì, kò gba kọ́tà là. Eyín tí ò gé irin, ńṣe ló ń ha á. Stainless tí wọ́n bá ti ha báyẹn á wá le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ lọ́gbọ́n ni apá ibi tí tábìlì ń rìn sí. Bí iṣẹ́ bá ń lọ pàdé eyín kọ́tà, eyín á bẹ̀rẹ̀ ní tín-ín-rín, á parí ní nínípọn. Kò ní dán tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò léwu. Bí iṣẹ́ bá ń lọ síbi tí eyín ń yí lọ, eyín á wọlé pẹ̀lú agbára, á sì máa fa iṣẹ́ mọ́ra. Lórí ẹ̀rọ CNC tí skúrù ẹ̀ ò ní àyè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Lórí èyí tó ti gbó, kọ́tà á já tábìlì gbà lójijì, á kán, tàbí kó fa iṣẹ́ yọ nínú fáìsì. Ẹ lè dán ẹ̀rọ yín wò: ẹ yí ọwọ́ tábìlì sọ́tùn-ún, kẹ́ ẹ wá dá a padà sósì, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa yí tó kí tábìlì tó mì. Gbogbo ibi tó yí lásán yẹn ni kọ́tà lè já gbà.

Iṣẹ́ gíà gba ìṣirò díẹ̀. Dividing head ni wọ́n ń fi yí irin, ìgbà 40 lẹ́ ẹ máa yí ọwọ́ ẹ̀ kí irin tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Fún gíà eléyín 30, ẹ pín 40 sí 30: ẹ yí i ní odindi ẹ̀ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún fi ihò 6 kún un lórí ìlà tó ní ihò 18. Bí module ẹ̀ bá jẹ́ 2, irin tẹ́ ẹ máa fi ṣe é gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 64, eyín á sì jìn tó 4.5. Kọ́tà tẹ́ ẹ máa mú ni èyí tí wọ́n kọ 26 sí 34 sí lára, torí ìrísí eyín ń yí padà bí iye eyín bá ṣe pọ̀ sí.

Ká padà sórí top cylinder. Kí wọ́n tó fá a, ẹ ní kí wọ́n gbé rúlà onírin tó gún lé e, kí wọ́n fi feeler gauge wọn ibi tó ti wọ́. Èyí tó bá tó láti mú un tẹ́ nìkan ni kí wọ́n gé. Bó bá ti tín-ín-rín jù, ìfúnpá inú ẹ́ńjìnì á pọ̀, ti dísù sì burú jù, torí fáàfù lè máa gbá pístìnnì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ máa ń kọ ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró sínú ìwé, ẹ ní kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì wọn bó ṣe nípọn tó kí wọ́n tó fá a àti lẹ́yìn tí wọ́n bá fá a tán.

Ẹ má fi ẹnu dírílì di end mill mú o, collet ni kẹ́ ẹ lò, torí ẹnu dírílì ò lè gba ìtì tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí aṣọ alápá gbọọrọ, kò sí gèlè tàbí ṣéènì ọrùn nídìí ẹ̀. Èérún irin tó bá kó jọ, ẹ pa ẹ̀rọ kó dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò.