Ogun Àwítẹ́lẹ̀: Bí Kúbà Ṣe Kọ́ Láti Múra De Ìjì

Kúbà ni erékùṣù tó tóbi jù lọ nínú òkun Karibíànì. Ó gùn tó nǹkan bíi 1,200 kìlómítà láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n níbi tó há jù lọ, òkun kan sí èkejì kò ju nǹkan bíi 30 kìlómítà lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún, omi òkun tó ti gbóná máa ń bí ìjì ńlá tó ń yí bí òòyì, ojú ọ̀nà ìjì wọ̀nyí gan-an sì ni Kúbà dùbúlẹ̀ sí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń gbé wá: atẹ́gùn tó ń ṣí òrùlé, òjò tó ń mú odò kún àkúnya, àti òkun tó ń ru wọ ìlú. Ní apá Santiago de Cuba, ìmìtìtì ilẹ̀ tún wà lára ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè yìí tí kò lówó lọ́wọ́ ti mọ bí a ṣe ń dín iye ẹni tí ìjì ń pa kù ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó lówó lọ. Àwọn baba wa ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìtàn Kúbà fi nǹkan kan kún òwe náà: arọ lè gbọ́n títí, bí kò bá sí ẹni tó máa gbé e, ogun á ká a mọ́lé. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa, ẹ̀mí púpọ̀ ló sì lọ sí i.

Ìjì ní ìgbà oko ẹrú

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú àti lẹ́yìn tó tú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọya, obìnrin atẹ́gùn, bá wọn sọdá, orúkọ rẹ̀ kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wọn títí dòní.

Ìjì kan jà ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà ní oṣù Kẹwàá 1844. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹwàá àti ìkọkànlá oṣù Kẹwàá 1846, òmíràn tó le jù ú lọ gba orí Havana kọjá. Ó fọ́ ọkọ̀ ojú omi lọ́pọ̀ yanturu ní èbúté, ó wó ilé, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ìjì méjèèjì hú igi kọfí tu. Kọfí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn máa ń gba ọdún bíi mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so dáadáa. Ìrèké kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóko pa kọfí tì, wọ́n sì kó àwọn ẹrú wọn lọ sí oko ìrèké, níbi tí iṣẹ́ ti ń tètè pa ènìyàn. Bí ẹnì kan bá bọ́ lọ́wọ́ atẹ́gùn, ohun tí ìjì náà yí padà ṣì lè pa á lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún àwọn ẹrú wọ̀nyí kí ìjì tó dé, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ nígbà tó lọ.

Àlùfáà tó ń wo àwọsánmà

Ní 1870, Benito Viñes, àlùfáà Jésúìtì tó wá láti Sípéènì, gba àkóso ibùdó ìmọ̀ ojú ọjọ́ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Belén ní Havana. Lójoojúmọ́ ló ń ka báròmítà, ó ń kọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí sílẹ̀, ó sì ń wo àwọsánmà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga jù lọ lójú ọ̀run. Ó ṣàkíyèsí pé bí ìjì bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọsánmà wọ̀nyẹn máa ń nà jáde bí ìyẹ́, ìrìn wọn sì lè fi ibi tí àárín ìjì náà wà hàn.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án 1875, ó gbé ìkìlọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Havana pé ìjì ń bọ̀. Ìjì náà sì dé. Wọ́n ka ìkìlọ̀ yẹn mọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni gbé jáde fún ará ìlú ní agbègbè náà. Lẹ́yìn náà, Viñes lo wáyà tẹligíráàfù tó so Havana pọ̀ mọ́ àwọn erékùṣù mìíràn kí ìròyìn ojú ọjọ́ lè máa wọlé sí i. Nígbà tó kú ní 1893, àwọn awakọ̀ òkun àti oníṣòwò mọ orúkọ rẹ̀ káàkiri Karibíànì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1900 fi hàn pé ìmọ̀ nìkan kò tó. Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà lẹ́yìn ogun tí wọ́n bá Sípéènì jà. Willis Moore, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, kò fẹ́ kí àwọn ará Kúbà máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjì, ìjọba sì dí wáyà mọ́ wọn lẹ́nu. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìjì kan gba Kúbà kọjá. Lorenzo Gangoite, tó jogún ipò Viñes ní Belén, rí i pé ọ̀nà Texas ló ń lọ. Àwọn ará Washington ní yóò ṣẹ́rí sí àríwá. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, òkun bo ìlú Galveston ní Texas, ó kéré tán 6,000 ènìyàn ló sì kú.

Santa Cruz del Sur, 1932

Kúbà fúnra rẹ̀ jìyà tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá 1932. Santa Cruz del Sur jẹ́ ìlú kékeré létí òkun ní gúúsù Camagüey, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì rẹlẹ̀. Ìjì tó ń bọ̀ wá bá a kì í ṣe àjèjì sí àwọn amòye ojú ọjọ́, nítorí ó ti ń rìn lójú òkun láti ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n kò sí ètò kankan tó sọ ẹni tó yẹ kó pàṣẹ pé kí ará ìlú kúrò, ọkọ̀ tó máa kó wọn, tàbí ibi tí wọ́n máa sùn. Òkun ru sókè ju mítà mẹ́fà lọ, ó sì gbá ìlú náà lọ. Ó lé ní 2,500 ènìyàn tó ṣègbé. Nínú gbogbo ìjàǹbá tí ojú ọjọ́ ti fà ní Kúbà, kò sí èyí tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Flora àti òfin 1966

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá 1963, ìjì Flora wọ ìlà-oòrùn Kúbà. Kò kọjá lọ bí àwọn yòókù. Ó yí po síbẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Ní àwọn ibì kan, òjò tó rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn ju 1,000 mìlímítà lọ, èyí tí kò jìnnà sí gbogbo òjò tí Ìbàdàn ń rí lọ́dún kan. Odò Cauto, tó gùn jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, kún bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tó kú. Omi ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Tálákà tó kọ́lé sí bèbè odò ni eji rí jù lọdún náà.

Lẹ́yìn Flora ni ìjọba Fidel Castro bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan mẹ́ta pọ̀. Èkíní ni ìsédò. Kí ìjọba náà tó dé ní 1959, gbogbo omi tí ìsédò Kúbà lè gbà kò tó 50 mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́ta. Lónìí ó ti wọ nǹkan bíi 9 bílíọ̀nù. Omi òjò tó ń pa ènìyàn tẹ́lẹ̀ di omi mímu àti ti oko. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965. Ẹ̀kẹta ni òfin 1966 tó gbé ètò Ààbò Ará Ìlú kalẹ̀, kí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba, ilé-ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ àdúgbò lè mọ ipa tiwọn nígbà ìjàǹbá.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ètò náà ní ìpele mẹ́rin. Nígbà tí ìjì bá ṣì wà ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí ilẹ̀, wọ́n á kéde ìpele ìròyìn, kí gbogbo ènìyàn lè máa gbọ́ rédíò. Bó bá ku nǹkan bí ọjọ́ méjì, ó di ìpele ìmúra: wọ́n á kó oúnjẹ, omi àti oògùn sípò, ọkọ̀ á sì dúró. Bó bá ku ọjọ́ kan, ó di ìpele ìdágìrì, tí ẹni tó bá wà níbi ewu ti gbọ́dọ̀ kúrò. Ìpele ìkẹrin jẹ́ ti àtúnṣe. Olórí ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ló máa ń darí iṣẹ́ náà ní agbègbè rẹ̀.

Àdúgbò ni agbára rẹ̀ wà. Dókítà ìdílé mọ aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, ó mọ bàbá àgbà tí kò lè dìde, ó mọ ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n á kó aláboyún lọ sí ilé-ìwòsàn ṣáájú. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó bá kúrò nílé ń sá lọ. Ilé ẹbí tàbí aládùúgbò tí ògiri rẹ̀ nípọn ni wọ́n ń lọ, nítorí wọ́n ti ṣàdéhùn rẹ̀ ṣáájú. Àwọn tó ń ṣètò tún ń bá wọn kó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n síbi tó láàbò, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ kúrò nílé nígbà tí ohun tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ rà bá wà níbẹ̀. Láti 1986 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò Meteoro lọ́dọọdún kí àsìkò ìjì tó wọlé: wọ́n á gé ẹ̀ka igi, wọ́n á la ojú gọ́tà, wọ́n á sì dán ètò wò.

A kò gbọdọ̀ pa apá kejì mọ́. Ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, tó ń kan ilẹ̀kùn kiri nígbà ìjì, ni ìjọba tún fi ń ṣọ́ ẹni tí kò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe ṣíṣọ́ yẹn ló ń gba ẹ̀mí là. Mímọ ara ẹni ló ń gbà á, ilẹ̀ tó sì fún aráàlú lómìnira náà lè ní i.

Ìdánwò

Ní oṣù Kọkànlá 2001, ìjì Michelle dé pẹ̀lú agbára ńlá. Nǹkan bí 700,000 ènìyàn kúrò nílé, márùn-ún péré ló kú. Ní 2004, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì kúrò ní ọ̀nà Ivan, ẹnikẹ́ni kò kú. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹjọ 2008, Gustav fẹ́ ní Pinar del Río débi pé ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn ní Paso Real de San Diego ka 340 kìlómítà ní wákàtí kan. Níbẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó kú. Ní oṣù Kẹwàá 2016, Matthew pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní Haiti, ó sì ba Baracoa ní Kúbà jẹ́, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìjì kan náà ni. Ohun tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ló yàtọ̀.

Ibi tó kù sí

Ilé kò ṣeé gbé sá. Àwọn ìjì 2008 ba ilé tó lé ní 500,000 jẹ́, wọ́n sì fa àdánù tó tó nǹkan bíi 10 bílíọ̀nù dọ́là. Sandy ní 2012 ba ilé tó lé ní 170,000 jẹ́ ní Santiago, ó sì pa ènìyàn 11 ní gbogbo Kúbà. Ní 2017, mẹ́wàá kú nígbà Irma. Ilé àtijọ́ ní Havana wó lu àwọn kan nínú wọn. Páànù, símẹ́ńtì àti owó ṣọ̀wọ́n, nítorí ìdènà òwò láti Amẹ́ríkà àti nítorí bí ìjọba Kúbà fúnra rẹ̀ ṣe ń darí ọrọ̀ ajé. Ìdílé mìíràn á ṣì wà lábẹ́ tapólì nígbà tí àsìkò ìjì mìíràn bá wọlé. Ní 2017 kan náà ni ìjọba gbé ètò Tarea Vida kalẹ̀, tó fòfin de kíkọ́ ilé tuntun sí etí òkun tó léwu.

Oṣù Kẹwàá 2024 ló ṣí ojú ọgbẹ́ tuntun. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, iná mànàmáná kú ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Oscar, ìjì kékeré kan, wọ Guantánamo. Tẹlifíṣọ̀n kò tàn, fóònù kò gba iná, àgbàrá sì ká àwọn ènìyàn mọ́ orí ibùsùn ní San Antonio del Sur àti Imías. Kò dín ní mẹ́fà tó kú, nínú ìjì tó kéré sí Gustav púpọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n lára Kúbà gbọ́dọ̀ kọ́ ohun tó ṣe dáadáa àti ibi tó kù sí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó: kí àdúgbò kọ orúkọ aláìlera rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fẹnu kò sórí ilé tó lágbára, kí a mọ ẹni tó máa gbé ta ni kí ọ̀run tó ṣú. Kí ó má sì dúró síbẹ̀. Ìjọba tó bá gba ẹ̀mí ènìyàn là lọ́jọ́ ìjì ṣì jẹ ẹni náà ní òrùlé, iná àti ilẹ̀ tí omi kò ní í bò, gbèsè yìí sì ni Kúbà kò tíì rí san.