Ìbínú Ìjọba, Ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́: Bí Àgbáyé Ṣe Gba Àṣírí tí Snowden Tú

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni ìwé ìròyìn The Guardian àti The Washington Post bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí NSA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, síta. Ohun tó kọ́kọ́ hàn ni pé ilé-ẹjọ́ kan tó ń jókòó ní ìkọ̀kọ̀ ti pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Verizon pé kó máa kó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ fún ìjọba lójoojúmọ́: nọ́ńbà ẹni tó pè, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n pè, àkókò ìpè náà àti bó ṣe pẹ́ tó. Èyí ni ìṣamí gbogbogbòò, ìyẹn kí ìjọba máa ṣọ́ tonílé tàlejò láìfura sí ẹnì kan pàtó. Edward Snowden, ọmọ ọdún 29 tó ń bá àjọ náà ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ló kó ìwé náà síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ariwo tí àwọn orílẹ̀-èdè pa lẹ́yìn náà ló dá Amẹ́ríkà lẹ́kun, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò ti èrò yìí lẹ́yìn, nítorí pé ìbínú ìjọba kọ̀ọ̀kan kò kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan òun fúnra rẹ̀, àwọn adájọ́ ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún náà pé wọ́n ti ń ṣọ́ fóònù Angela Merkel, olórí ìjọba Jámánì, ó fárígá, ó ní kò yẹ kí ọ̀rẹ́ máa ṣamí ọ̀rẹ́. Dilma Rousseff, ààrẹ Brazil, ti sún ìbẹ̀wò rẹ̀ sí Washington síwájú ṣáájú ìgbà náà. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ló jọ gbé ìpinnu lórí ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara ẹni lọ síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí láìdìbò ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ ní ọdún 2015, nígbà tó hàn pé BND, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Jámánì fúnra rẹ̀, ti ń fi àwọn nọ́ńbà àti àdírẹ́sì ímeèlì tí NSA fún un ṣọ́ àwọn alábàáṣepọ̀ rẹ̀ ní Yúróòpù.

Ti Faransé tún burú jù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2013, Ààrẹ François Hollande ní kí Amẹ́ríkà dẹ́kun amí ṣíṣe lórí àwọn ọ́fíìsì Yúróòpù lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Faransé wà lára àwọn tó dènà ojú òfurufú wọn mọ́ ọkọ̀ òfurufú Evo Morales, ààrẹ Bolivia, tó ń bọ̀ láti Moscow, nítorí àhesọ pé Snowden wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà balẹ̀ sí Vienna tipátipá, ó sì lo nǹkan bíi wákàtí 13 níbẹ̀. Snowden kò sí nínú rẹ̀. Inú pápákọ̀ òfurufú Sheremetyevo ní Moscow ló wà, níbi tó ti retí ibi ìsádi títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ. Rọ́ṣíà, tí kò fi ìgbà kan káàárẹ̀ nínú ṣíṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ló gbà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, Ilé-ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù fi ìbò 285 sí 281 rọ àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé kí wọ́n dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ojú ayé lásán ni, nítorí kò sí ọ̀kan tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ ni nǹkan ti yàtọ̀. Max Schrems, ọmọ Austria tó ń kàwé òfin nígbà náà, mú ẹ̀sùn Facebook lọ sí Ireland, ó ní ìwé Snowden fi hàn pé dátà àwọn ará Yúróòpù kò láàbò ní Amẹ́ríkà. Láti inú ẹ̀sùn yìí ni Ilé-Ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti wọ́gi lé àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń kó dátà ré òkun ní ọdún 2015, ó sì wọ́gi lé èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2020. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn tó wà ní New York dájọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 pé òfin tí ìjọba gbójú lé kò fún un láṣẹ láti kó àkọsílẹ̀ ìpè gbogbo ìlú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àwọn aṣòfin fòpin sí i. Àwọn adájọ́ náà ní ibi tí agbára wọn mọ, nítorí pé nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi ní ọdún 2021, àìsí ìdènà tó péye ló bá a wí fún, kì í ṣe ìṣamí gbogbogbòò fúnra rẹ̀.

Ẹni tó tú àṣírí ni kò rí nǹkan kan gbà. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2019 láti dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ tó bá tú ìwà àìtọ́ ibi iṣẹ́ wọn síta yọ ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀, nítorí náà òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá ṣe ohun tí Snowden ṣe ní Berlin tàbí Paris lónìí kò lè fi òfin náà gbèjà ara rẹ̀.