Ìṣirò àti Ìwọ̀n: Ọ̀ràn Ẹlẹ́kítíróònù Inú Lọ́hùn-ún

Ẹni tí ó bá jókòó sílé, tí ó fi gègé ṣírò ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ yóò lò láti Ajégúnlẹ̀ dé èbúté Àpápá ní ojú ọ̀nà Creek Road, ìṣirò rẹ̀ lè pé lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò níbẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí aago yóò wí. Irú ọ̀ràn yìí ti wà láàárín àwọn onímọ̀ físíìsì fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn ẹlẹ́kítíróònù a máa yí kóró átọ́ọ̀mù ká ní ìpele-ìpele. K ni ó sún mọ́ kóró jù lọ, L ni ó tẹ̀ lé e. Bí prótọ́ọ̀nù tí ń sáré bá gbá ẹlẹ́kítíróònù kan jáde nínú K, òmíràn láti òde a bọ́ sí àyè rẹ̀, ìtànṣán X a sì máa jáde nígbà púpọ̀. Moseley fi hàn ní 1913 pé olúkúlùkù èròjà ni ó ní ìtànṣán tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó lè mọ iye èròjà tí ó wà, àfi kí a mọ bí prótọ́ọ̀nù ti ń gbá ẹlẹ́kítíróònù jáde sí.

J. J. Thomson dá ìṣirò rẹ̀ lé ní 1912. Ó ka ẹlẹ́kítíróònù sí ohun tí ó dúró jẹ́ẹ́. Bethe fi ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù tún un ṣe ní 1930. Nígbà tí a wá wọ̀n ọ́n, a rí i pé bí prótọ́ọ̀nù bá yára, ìṣirò àti ìwọ̀n bára mu. Bí ó bá ń rìn pẹ̀lẹ́, ìṣirò a pọ̀ ju ìwọ̀n lọ gidigidi. Ìdí rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀: kóró a máa ti prótọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, a sì yí ọ̀nà rẹ̀ padà, àlejò náà, bí ó ti pẹ́ nínú ilé, a di ará ilé, a sì máa bá kóró di ẹlẹ́kítíróònù mú. Brandt àti Lapicki fi èyí kún ìṣirò ní 1981, ọ̀ràn K sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán. Ti L kò rí bẹ́ẹ̀: ìsọ̀rí mẹ́ta ni ó pín sí, àyè òfìfo a sì máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì kí ìtànṣán tó jáde. Kí a má sì dá ìṣirò nìkan lẹ́bi. Ẹni tí ń wọ̀n ọ́n kò rí ẹlẹ́kítíróònù kankan, ìtànṣán ni ó ń kà.

Láti 2008 ni ẹ̀rọ tí ń ta prótọ́ọ̀nù ti wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Bí a bá gbé eruku Creek Road lọ síbẹ̀ láti wá òjé nínú rẹ̀, ìtànṣán L ni a óò kà, nítorí pé irú prótọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbá ti K jáde nínú òjé. Ibi tí ìṣirò ti mẹ́hẹ gan-an ni ìbéèrè àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ bọ́ sí.